Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Fábíyìí

Nígbà tí àtọ̀gbẹ pa ẹ̀gbọ́n Bàbá Fábíyìí lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e lẹ́sẹ̀, Tẹ́milọ́rùn pinnu pé ohun tó pa ẹ̀gbọ́n kò ní pa àbúrò. Ó ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní Ìtamágà níbi tó ti ń ránṣọ, ó wọkọ̀, ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ará Ìlàjẹ ni Bàbá Fábíyìí, ogójì ọdún ló sì ti fi kan ọkọ̀ ojú omi. Ayùn ti gé e rí, ààké ti ṣe é léṣe rí, kò mira. Abẹ́rẹ́ nìkan ló ń bà á lẹ́rù láyé yìí.

“Ìka lásán ni wọ́n máa ń gún, Bàbá,” ni Tẹ́milọ́rùn wí. “Ẹ̀jẹ̀ tó máa jáde ò tó èyí tí ẹ̀fọn ń mu.”

“Ẹ̀fọn kì í sọ fún mi kó tó wá,” ni Bàbá fèsì.

Màmá ló parí ìjà. Ó gba ẹ̀rọ náà, ó ní kí ọmọ òun fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han òun, kó sì máa lọ. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan oúnjẹ, òun á pè é, òun á sì ka nọ́ńbà fún un.

“Èmi ni mo mọ bí mo ṣe ń ṣe bàbá ẹ,” ni Màmá wí. “Ṣebí ara kan náà ni tọkọtaya. Inú ìkòkò kan náà la sì ti ń jẹun.”

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Màmá pè. 221 ni, ó ju ìlọ́po méjì iye tó yẹ lọ. Tẹ́milọ́rùn fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Dókítà náà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní nǹkan kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn tó ń tu ohun tí wọ́n ń pè ní ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlíìnì ló ń ṣílẹ̀kùn ara kí ṣúgà lè wọlé. Tí kò bá tó mọ́, tàbí tí ara kò dá a lóhùn mọ́, ṣúgà á dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ebi á sì máa pa ara, bí ẹni tó ń gbé létí odò tó ń fi itọ́ bọ́jú. Ẹni náà á máa rù, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á sì máa tọ̀ ṣáá.

“Ẹ mú wọn wá,” ni dókítà wí.

Bàbá ní òun kò lọ síbi kankan, ẹnu lòun máa fi mú àrùn náà so. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jáwọ́ nínú tíì, nínú gààrí, nínú búrẹ́dì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú àti ẹ̀wà ló kù fún un. Àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ń wá kí aláìsàn kò sì yé gbé mọ́ọ̀tì àti bisikíìtì wá. Èèwọ̀ ni kéèyàn da ẹ̀bùn onígbàgbọ́ nù, nítorí náà, Màmá ló ń bá ọkọ rẹ̀ mu ún, tó ń bá a jẹ ẹ́.

Nọ́ńbà di 268. Ó di 304.

“Bàbá, ẹ̀ ń jẹ nǹkan lẹ́yìn wa,” ni Tẹ́milọ́rùn wí lórí fóònù. Inú ń bí i.

“Tẹ́mi, mo fi Bíbélì búra. Láti oṣù méjì, ṣúgà ò kan ahọ́n mi.”

“Ẹ̀rọ kì í purọ́, Bàbá.”

Bàbá pa fóònù. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí Tẹ́milọ́rùn ro ẹjọ́ fún dókítà, ìyẹn ní ó ṣeé ṣe kí bàbá má purọ́. Ó ní nǹkan kéékèèké méjì jókòó lórí kíndìnrín. Bí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn, wọ́n á da omi tiwọn sínú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà á sì gbéra bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sáré. Tẹ́milọ́rùn pe bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún.

Lóṣù kẹta, ó lọ kí wọn. Létí omi ló ti bá Bàbá, ó ń gbá ìṣó mọ́ pákó, ó ń súfèé. Ikùn rẹ̀ ti wọlé, awọ ara rẹ̀ ń dán. Tẹ́milọ́rùn rántí pé ara ẹ̀gbọ́n bàbá náà dán báyìí kó tó wó lulẹ̀. Àmọ́ Màmá ló ṣe é láàánú jù. Ìró ń yọ nídìí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ó sì mu píọ̀ wọ́tà mẹ́ta lórí ìdúró kó tó lè sọ̀rọ̀. Ìtọ́jú aláìsàn ti gba gbogbo okun rẹ̀.

“Ẹ sinmi díẹ̀, Màmá.”

“Tí ara bàbá ẹ bá yá, màá sinmi.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ti inú yàrá jáde wá, ó ní 412 ni. Tẹ́milọ́rùn kò gba àwíjàre kankan mọ́. Ó háyà ọkọ̀, ó kó àwọn méjèèjì sínú rẹ̀, ó dorí kọ ilé ìwòsàn ní Ìkòròdú. Bàbá ń bẹ̀bẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá ní kí dẹ́rẹ́bà dúró kí òun lè wọ igbó tọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, Tẹ́milọ́rùn dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ mú, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn pé kí ẹsẹ̀ méjèèjì bá bàbá òun délé.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, “Bàbá, ẹ na ìka yín,” Bàbá wo ojú ìyàwó rẹ̀, Màmá sì na ìka ọwọ́ òsì tirẹ̀ síwájú nọ́ọ̀sì, tòun ti ojú abẹ́rẹ́ tó kún orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń nà án nípò ọkọ rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ láti oṣù mẹ́ta.