Eku Tí Ebi Kò Pa

Láníyọnu kò lè dúró de ohunkóhun. Ìwàǹwára ni àléébù rẹ̀, irọ́ ló sì máa ń fi bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá gbé omi kaná, á ṣí ìdérí wò kó tó hó. Bí ó bá wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ àga. Síbẹ̀, ó ní ọpọlọ. Ní nǹkan bí ọdún 1991, kò sí ẹni tó mọ kẹ́mísírì tó o ní gbogbo àdúgbò Basin ní Ìlọrin.

Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, Dókítà la sì máa ń pè é. Iṣẹ́ tó gbé lọ́wọ́ ni bí yóò ṣe rí oògùn tuntun fún àtọ̀gbẹ. Ó yọ èròjà kan lára èèpo igi. Ó ń fi nǹkan kún un, ó ń yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀, kí ó lè mọ irú èyí tí yóò ṣiṣẹ́ jù. Èyí tó bá ṣe, á kọ́kọ́ fún àwọn eku funfun jẹ, á sì máa wò wọ́n. Òun àti Jummai ni wọ́n jọ ń ṣe é. Olùkọ́ ni Jummai náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n sùúrù wà lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èròjà ni kò jẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan jẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku wálẹ̀, Láníyọnu sì fò sókè. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn kan nínú àwọn eku náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

"Ebi ni," ni Láníyọnu wí.

Lóòótọ́, oúnjẹ eku wọ́n bí ojú nígbà náà. Gàrí ni wọ́n ń fún wọn. Gbogbo wa la máa ń di ẹ̀bi ohun gbogbo ru ọ̀wọ́n ọjà láyé ìgbà yẹn, ikú eku pàápàá kò yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, eku tí ebi ń pa kì í fi oúnjẹ sílẹ̀," ni Jummai dáhùn. "Ẹ wo àwo wọn, gàrí ṣì kún inú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká la inú wọn, ká wo ẹ̀dọ̀ wọn. Ká sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

"Látìbẹ̀rẹ̀? Àwọn òyìnbó ń sáré, ìwọ ní ká jókòó ti òkú eku!"

"Wàláhì, ẹni tó ń sáré náà máa ń wolẹ̀."

Kò gbọ́. Ó kó àwọn òkú eku náà sínú iná, ó sì yọ wọ́n kúrò nínú àkọsílẹ̀ bí ẹni pé wọn kò sí rí. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Láníyọnu fẹ́ lá a, ẹnu ẹlòmíràn ló sì fẹ́ fi lá a.

Christiana, ìyàwó mi, ní àtọ̀gbẹ. Tíṣà ni, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Oògùn ọsibítù ló ń gbé e ró, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kó jìnnà sí iyán, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwa àti Láníyọnu ń lọ. Lọ́jọ́ Sunday kan, ó tẹ̀ lé wa délé pẹ̀lú ìgò kékeré kan lọ́wọ́. Kò jókòó.

"Ìyá Moṣọpẹ́, ẹ máa lo èyí. Ẹ fi ti ọsibítù sílẹ̀ ná."

"Ṣé mo lè jẹ iyán?"

"Ẹ jẹ iyán! Ẹ sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ jẹ ẹ́."

Christiana rẹ́rìn-ín. "Ta ló ti lò ó rí?"

"Àwọn eku mi."

"Dókítà, ẹ ti wá sọ mí di eku! Ṣé kò sí èyí tó kú nínú wọn?"

"Kò sí," ni ó wí. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Christiana lò ó. Ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́. Láníyọnu ń wọlé, ó ń jáde, ó ń sọ fún gbogbo ìjọ pé òun ti rí oògùn àtọ̀gbẹ. Àwọn mìíràn ń bẹ̀ ẹ́ kó fún àwọn náà. Nígbà tó yá, oúnjẹ kò wu Christiana mọ́. Mo gún iyán fún un, ó tì í sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ibà pọ́njú dé, ẹyinjú rẹ̀ sì dà bí epo.

Dókítà ọsibítù bi mí ní ohun tó ń lò. Mo sáré lọ bá Láníyọnu.

"Kí ló wà nínú oògùn yẹn?"

Ó ń rìn láti ògiri dé ògiri. "Bàbá Moṣọpẹ́, ibà lásán ni. Ẹ jẹ́ kó dọ̀la, á lọ."

Jummai ló gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ọsibítù. Níṣojú mi ló ti sọ ti àwọn eku tó kú fún dókítà. Dókítà mi orí.

"Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ni ó wí.

Ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí Christiana fi kú. A sin ín sí Ọ̀mù-Àrán.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ilé-ẹ̀kọ́ gbé ìgbìmọ̀ dìde, Jummai sì jẹ́rìí. Wọ́n lé Láníyọnu lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, kò síbi tó máa lọ ju ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ arúgbó.

Lọ́jọ́ kan, orí ń fọ́ ìyá yìí. Láníyọnu ra oògùn fún un lọ́dọ̀ Mùtíù, tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ṣàngó. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tí ìyá wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, tó sì gbé oògùn náà lé orí tábìlì.

"Mùtíù, bá mi wò ó. Ṣé ó dáa?"

"Màmá, ọ̀dọ̀ mi níbí ni ọmọ yín ti rà á láàárọ̀. Wọn ò tíì ṣí i."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbà kọjá. Fún mi ní òmíràn."

Láníyọnu ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gba òmíràn, ó so ó mọ́ etí aṣọ, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe ohun tí ẹlòmíràn yóò gbé mì, ẹ kọ́gbọ́n. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n kó tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó lè ti fọ́ ojú aláìṣẹ̀. Iṣẹ́ tó bá kan ẹ̀mí kò gba ìwàǹwára. Bí òkú bá ń sọ òótọ́ fún yín, ìbáà jẹ́ òkú eku, ẹ dúró, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ má wá ebi tí ẹ máa di ẹ̀bi rù. Oògùn tó dára kò ní bàjẹ́ nítorí pé a dúró dè é. Ẹni tí irọ́ bá pa ni kì í padà wá.