Owó Àfikún Ìrọ̀lẹ́

Ó-gún-régé ni gbogbo sáìtì ń pe alábòójútó apá ọ̀tún ilé tí wọ́n ń kọ́ náà, nítorí kò fẹ́ràn kí ògiri tẹ̀ bó ti wù kó mọ. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló ń bójú tó apá òsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba owó oṣù, akọ̀wé owó gbàgbé ara rẹ̀, ó pe iye owó àwọn méjèèjì sókè. Ibẹ̀ ni Ó-gún-régé ti gbọ́ pé ọmọ tí òun kọ́ níṣẹ́ ń gbà ju òun lọ.

Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló fi jù mí?" ó bi ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni? Ṣé iye èèyàn tó wà lábẹ́ mi ni? Àjà kẹrin ni mò ń gùn lójoojúmọ́, òun ṣì wà ní ìkejì. Bó bá sì jẹ́ ti ìwé ẹ̀rí, ta ló kọ́ ọ tó fi yege?"

"Bàbá wọn, ẹ lọ bi ẹnjiníà."

"Kọ́kọ́ ka ìwé owó oṣù yìí fún mi ná. Iná ilé yìí ò mọ́lẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè wo iná tó mọ́lẹ̀ rekete, ó kà á fún un.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn yòókù bá fọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń relé, ọmọ náà àti bíríkìlà méjì a máa gun àjà kẹrin lọ, lápá ọ̀tún. Láti ẹnu géètì, Ó-gún-régé ń wò wọ́n fìrífìrí nídìí ògiri rẹ̀.

"Ó ń wá àléébù sí iṣẹ́ mi," ó wí lọ́kàn ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ kò dùn sí ohunkóhun. Ó fọwọ́ kan ògiri àná, mọ́tà tó lẹ búlọ́ọ̀kù pọ̀ ṣì tutù bó ṣe máa ń tutù láràárọ̀. Ó bínú sí ìrì. Ó bínú sí okùn tí wọ́n ta.

"Ayédèrú okùn! Ẹ ò rí i bó ṣe ń gbọ̀n lójú?"

Bíríkìlà méjì tó wà nítòsí wo ara wọn.

"A rí i, Baba," ọ̀kan dáhùn. Èkejì ń wúkọ́.

Ó bọ́ sílẹ̀ lọ bá ọmọọṣẹ́ rẹ̀. "Kí lò ń wá lápá tèmi nírọ̀lẹ́?"

"Atẹ́gùn ni mo lọ ń gbà, ọ̀gá mi. Apá tiwa móoru."

"Àbí atẹ́gùn ni wọ́n ń torí ẹ̀ sanwó fún ọ?"

Ọmọkùnrin náà tẹrí ba. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi."

Ó-gún-régé kọjá sọ́dọ̀ ẹnjiníà.

"Owó oṣù yín dọ́gba, Baba," ni ẹnjiníà wí. "Owó àfikún ìrọ̀lẹ́ ló gbé tiẹ̀ sókè. Ó ní iṣẹ́ kan ń bẹ tí òun gbọ́dọ̀ máa parí kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Iṣẹ́ wo ni mi ò mọ̀? Ẹ fagi lé e. Ká jọ máa relé pọ̀."

"Mo ti fagi lé e. Àmọ́ lọ́la ni onílé ń bọ̀ wá wọn ògiri. Ẹni tí tiẹ̀ bá gún jù, òun ló máa di olórí gbogbo sáìtì, pẹ̀lú owó rẹ̀."

"Ẹ ti rí olórí yín," ni Ó-gún-régé wí.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wá bá a lẹ́nu géètì.

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n dúró, tòní nìkan. Mi ò ní gbowó."

"Máa lọ sílé, ẹlẹ́tàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Mo ní o máa lọ!"

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti géètì. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Láàárọ̀, kí onílé tó dé, Ó-gún-régé gun àjà kẹrin lọ, ó fọwọ́ kan ògiri àná, mọ́tà rẹ̀ gbẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wá so okùn ìwọ̀n rọ̀ láti orí ògiri náà, ó sì ń fọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀, títí odindi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi wọ àárín okùn àti ògiri láìkan nǹkan kan.