Alùpùpù Tí Ń Gbọ́ Àyà Ẹni Ẹ̀yìn

Láníhùn ga bí ọ̀pẹ; alùpùpù mẹ́ta ni kò gba orúnkún rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹrin bá a mu, ìjókòó ẹ̀yìn sì rọ Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, lọ́rùn. Síbẹ̀, alùpùpù náà kò mira.

"Àyà ẹni ẹ̀yìn ń já," ni alùpùpù náà fúnra rẹ̀ wí. "Òfin kò gbà kí n gbéra."

Láníhùn bojú wẹ̀yìn. "Àṣàbí, ṣé ó ga jù ni?"

"Ẹ̀rù alùpùpù kọ́ ló ń bà mí, ọkọ mi. Eré tí ẹ máa ń sá ni."

Láníhùn ti rò pé ayọ̀ ló ń mú Àṣàbí dì mọ́ òun pinpin lórí alùpùpù wọn àtijọ́. Ó ní kí ọlọ́jà fi ìjánu kejì, tí Àṣàbí lè fi dín eré kù, sí ẹ̀yìn.

Àṣàbí di ìjánu mú. Alùpùpù gbéra jẹ́ẹ́, Láníhùn sì ń retí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀ ní gbogbo kọ́nà.