Ẹni Tí Kò Dárúkọ Lẹ́nu Ọ̀nà Adágún

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi èjìká dáhùn bí àgbà bá kí yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lórí òkè gíga kan ní ilẹ̀ Etiópíà, adágún omi kan wà nínú ihò òkè tó ti ń yọ iná àti èéfín rí láyé ọjọ́un. Iná ti kú, òjò ti kún ibẹ̀, omi rẹ̀ sì dúdú minimini. Lókè ihò náà ni ilé àwọn mọ́ńkì wà, àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ nítorí àdúrà. Ilé ọ̀hún ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó rìnrìn àjò lọ, Ọ̀gá Ṣówándé sì wà láàrin wọn, ọkùnrin tí kíkí ènìyàn nira fún ju igi gbígbé lọ.

Ọ̀gá ni ní ibodè kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn arìnrìn-àjò ló máa ń wá dárúkọ níwájú rẹ̀, òun kì í dárúkọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwà yẹn bá a délé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í pè é mọ́, àwọn aládùúgbò sì ti jáwọ́ nínú kíkí i. Ilé náà wá dákẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tó fi bá wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbídùn, opó kan tó ń ṣe búrẹ́dì tà, ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Àràárọ̀ ni ìyá yìí ń kí i. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ọ̀gá á kọjú sí fèrèsé. Ìyá á rẹ́rìn-ín, bó bá di ọ̀sán, á tún kí i. Ẹnu ìyá yẹn kì í rẹ̀ ẹ́!

Lẹ́nu ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún, mọ́ńkì àgbà kan jókòó ti apẹ̀rẹ̀ òkúta dúdú. Tàmírátì, afinimọ̀nà wọn, túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá náà: kí oníkálukú kí òun, kó dárúkọ, kó sì gbé òkúta kan sórí ògiri. Bó bá padà dé, kó mú un kúrò. Ìkùukùu máa ń bo ibẹ̀ lójijì. Bó bá ti bò ó, àwọn mọ́ńkì á máa lu agogo kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè fi ìró rẹ̀ mọ̀nà, títí òkúta á fi tán lórí ògiri.

Bí àwọn yòókù ṣe ń kí bàbá náà, Ọ̀gá Ṣówándé gba ẹ̀yìn wọn kọjá.

"Èmi kọ́ ni màá máa júwe ara mi fún aṣọ́nà," ló ń kùn. Ibi tí èrò kò sí ló gbà lọ.

Kò pẹ́ tó dé etí omi tí ìkùukùu fi dé. Ó bo omi, ó bo òkè, Ọ̀gá kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ agogo. Agogo ibẹ̀ kì í ṣe irin. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi okùn so rọ̀ sára igi, òkúta ni wọ́n sì fi ń lù ú. Ó ń tẹ̀lé ìró náà díẹ̀díẹ̀, ó ti ń gun òkè bọ̀ nígbà tí agogo dákẹ́.

Ó dúró, ó retí, kò dún mọ́. Ó wá yé e pé òkúta ti tán lórí ògiri. Gbogbo ẹni tó dárúkọ ti dé.

"Ẹ gbà mí o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹsẹ̀ kan síwájú lè jẹ́ ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ ọ̀gbun. Ó jókòó sílẹ̀ nínú òtútù, ó ń ronú ẹni tí yóò mọ̀ pé òun kò sí. Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ti jáwọ́ tipẹ́. Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní títì fún oṣù kan, wọn á ní bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Ó wá orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, kò rí. Àgbà ọkùnrin náà sunkún. Kì í ṣe òtútù ló pa á lẹ́kún, àìlẹ́nìkan ni.

Ó ti gbé orí lé orúnkún nígbà tí agogo tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá gun òkè náà, agogo kò sì dákẹ́ títí ó fi fọwọ́ kan ògiri. Òkúta kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ìyá Ìbídùn dúró tì í pẹ̀lú mọ́ńkì àgbà náà.

"Ẹ kú àbọ̀ sà," ni ìyá wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mi ò tíì dé?"

"Nígbà tí mo wọ yàrá oúnjẹ, mo ní, 'Ẹ kú ìjókòó o.' Gbogbo wọn ló dá mi lóhùn. Mo tún un wí, gbogbo wọn tún dáhùn. Ni mo bá mọ̀ pé ẹ ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo bá yín gbé òkúta."

Ojú ti Ọ̀gá. Ó tẹrí ba fún mọ́ńkì náà, ó ní, "Bándélé Ṣówándé lorúkọ mi," ó sì mú òkúta kúrò lórí ògiri. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá. "Ẹ kú ilé, mà."

Nígbà tó padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí kí àwọn aládùúgbò. Àwọn kan dáhùn. Àwọn kan sì kọjú sí ibòmíràn gẹ́gẹ́ bí òun náà ti máa ń ṣe, ó sì dùn ún. Ohun tó gbìn ló ń ká. Ṣùgbọ́n bó bá tún di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á tún kí wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìkíni kì í dín iyì ẹnikẹ́ni kù. Òun la fi ń fi ara wa sọ́kàn ọmọnìkejì, kí wọ́n lè wá wa lọ́jọ́ tí a bá sọnù. Àwọn àgbà sì ti wí i tipẹ́: ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé.