Òwú Pupa Lọ́rùn Bèbí

Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹnì kan pààrọ̀ òwú pupa tí ìyá mi so mọ́ bèbí mi lọ́rùn pẹ̀lú òwú dúdú ti Àṣàbí, ọmọ ìyàwó kejì bàbá mi. Ìjọba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bèbí tó ń wo bó ṣe ń ṣeré, tó ń sọ fún tíṣà bí orí rẹ̀ ṣe pé tó; òwú ọrùn ni wọ́n fi ń mọ bèbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ohun tí bèbí bá sì sọ ni tíṣà ń ṣe. Àṣàbí di dókítà. Èmi fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo ń ru pákó.

Lónìí, irú bèbí yẹn náà ni wọ́n fi ń wá ìrántí àwọn arúgbó. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń lọ bá Àṣàbí ṣeré ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ló ń gbé mi lọ. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ẹni tó pààrọ̀ òwú náà kó tó gbàgbé tán.

“Ẹ jókòó, bùọ̀dá.” Kò dá mi mọ̀ mọ́.

Bèbí ní kó kọ́lé. Ó to ìdérí ìgò lérí ara wọn, wọ́n wó. Mo bá a tún un tò, mo fi àwọn ńlá sísàlẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. “Bí Àjàdí ṣe máa ń tò ó nìyẹn.”

“Àjàdí wo?”

“Ọmọ ìyáálé ìyá mi. Orí rẹ̀ pé jù mí lọ. Èmi ni mo pààrọ̀ òwú wa, bùọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí i, ẹ má sọ fún un.”