Irun Iwájú Orí

Nígbà tí Màmá Òótọ́ gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fa aṣọ ìkélé yàrá ẹ̀yìn dé, ó fọ ọwọ́, ó sì nu àga tó wà níwájú dígí. Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ wọlé. Ìyàwó ojú ọ̀nà tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ kí onídìrí, ó sì jókòó síbi tí wọ́n fi hàn án. Ọjọ́rú ni. Ìgbéyàwó di ọjọ́ Sátidé.

"Màmá Òótọ́, ìyàwó mi rèé o," ni ìyá ọkọ wí. "Ẹ gé e kó mọ níwọ̀n. Ẹ má sọ ọ́ di ọmọkùnrin fún mi, ọmọkùnrin kan ti tó mi í tọ́."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Màmá Òótọ́, nítorí pé kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Bí irun bá ti jóná, á ní ó ti jóná. Kì í mú àlùmọ́gàjí láìjẹ́ pé ó ti yẹ orí wò, kó sì ti bi ẹni tó ni ín léèrè ọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ kan sunkún lórí àga yìí kan náà nítorí pé irun iwájú rẹ̀ ti já láti etí dé etí. Màmá Òótọ́ fi sùúrù wò ó. "Ibà tó dá yín dùbúlẹ̀ ló gbọ̀n ọ́n," ó wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀, á hù padà." Ó sì ti ń hù.

Orí àga yìí náà ni ìyá ọkọ jókòó sí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tó yọ fóònù, tó fi àwòrán ọmọ rẹ̀ hàn án: ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó ń rẹ́rìn-ín, etí òsì rẹ̀ ká lókè bí ewé. Màmá Òótọ́ tẹjú mọ́ àwòrán náà títí.

"Ẹ mú ìyàwó yẹn wá," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀bùn ìgbéyàwó tèmi nìyẹn. N kò ní gba nǹkan kan."

Ó wá tú irun ọmọbìnrin náà báyìí, ó fi ìdí òòyà là á sí mẹ́rin. Ó fa ẹyọ kan, ó rẹ ẹ́ sómi, ó nà án.

"O ń lo oògùn ìnàrun?"

"Rárá, ma. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti fi í sílẹ̀."

"Orí kì í yún ọ?"

"Kì í yún mi, ma."

Ó ti irun iwájú sẹ́yìn. Láti etí dé etí, àwọn irun kéékèèké múlọ́múlọ́ dìde dúró, wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ kékeré lọ. Irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló fi òòyà ya láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

"Bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, kí ló ṣe ọ́?"

"Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, ma. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọlọ́run ló ní n ò ní kú."

Ìyá ọkọ gbójú sókè. "Ibà wo? O ò sọ fún mi rí."

"A ò tíì mọra nígbà yẹn, Mọ́mì. Oṣù kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni mo pàdé ọmọ yín."

Nǹkan kan ké lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì dákẹ́.

"Kí nìyẹn?" ni ìyá ọkọ bi í.

"Ológbò ni. Ó bímọ sílé."

"Áà, ẹ kú ewu ọmọ o!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Màmá Òótọ́ ní kí ìyàwó lọ fi orí sábẹ́ ẹ̀rọ omi ní igun yàrá. Bí omi ṣe ń dà, ìyá ọkọ sún mọ́ ọn.

"Màmá Òótọ́, ojú yín yí padà. Kí lẹ rí?"

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ wo ojú Ọlọ́run, ẹ sọ ọ́."

Màmá Òótọ́ ká táwẹ́ẹ̀lì sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin.

"Ibà máa ń já irun káàkiri orí ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Èyí tó bá já láti etí dé etí báyìí, abiyamọ ló ń ní in. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń yẹ orí wò."

Ìyá ọkọ fa ọmọbìnrin náà dìde kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, omi ń kán sí i lọ́rùn.

"Níbo lo gbé ọmọ náà sí?"

"Ọmọ wo, Mọ́mì?"

"Èyí tí o lọ bí nílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ!"

Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wo ojú àwọn méjèèjì ló tó mọ̀ pé kì í ṣe eré.

"Ibà ni, Mọ́mì. Ìwé ilé ìwòsàn wà nílé."

"Ta ni kò lè kọ ìwé?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó di aṣọ onídìrí mú. "Màmá, ẹ dákun, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ibà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Màmá Òótọ́ tú ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ọmọ mi, ohun tí mo rí ni mo sọ."

Ìyá ọkọ ti pe ọmọ rẹ̀. "Kò sí ìgbéyàwó kankan mọ́," ó ń wí sínú fóònù. "Mo ní kò sí! Èmi tàbí òun, yan ọ̀kan." Ó fetí sílẹ̀ díẹ̀, ó mi orí, ó sì pa fóònù náà.

Ọmọbìnrin náà jáde sójú títì, irun rẹ̀ ṣì wà ní lílà sí mẹ́rin, ó tutù, àlùmọ́gàjí kò kàn án.

"Ọlọ́run ló rán yín sí mi," ni ìyá ọkọ wí. "Ìtìjú wo ni ì bá bá mi!"

"Ẹ lọ sinmi. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Sátidé, ó kúkú ti ṣófo fún yín báyìí. Ẹ̀yin àti ọmọ yín. Mo ní ẹnì kan tí mo fẹ́ kí ẹ rí."

Nígbà tí ìró ọkọ̀ náà ti lọ tán, Màmá Òótọ́ ti ilẹ̀kùn, ó fa aṣọ ìkélé sẹ́yìn, ó gba ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ó fi ìka kan tẹ́ etí òsì ọmọ náà tó ká lókè bí ewé, ó sì wí pé, "Má sunkún mọ́, bàbá rẹ ò níyàwó mọ́."