Ohùn Fóònù Kejì

Oyún Fadérera ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà tó lọ ra aṣọ ìkókó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan l'Óṣogbo, lálẹ́ ọjọ́ òjò. Fóònù ara wọn ni àwọn oníbàárà fi ń ka àmì ara ọjà níbẹ̀, tí wọ́n á sì sanwó láìrí agbowó. Bí fóònù Fadérera bá ti dún "tíìn", òmíràn a dún lẹ́yìn pẹpẹ kejì. Ó dáwọ́ dúró. Òmíràn náà ṣì ń dún, ó ń sún mọ́ ọn.

"Ta nìyẹn?"

Mẹ́gádì dáhùn lẹ́nu ọ̀nà: "Àǹtí, ẹ̀yin nìkan lẹ kù níbẹ̀ o."

Nǹkan tútù kan bà lé ikùn rẹ̀. "Tíìn."

"Mo ti sanwó rẹ̀." Ohùn obìnrin ni, wẹ́lẹ́, létí rẹ̀.

Fadérera di ikùn mú. Ọlẹ̀ kò sọ mọ́.